ERP fún ilé iṣẹ́ kékeré: bí ọ́dà kan ṣe ń rìn kiri inú ẹ̀

Tí èèyàn bá béèrè pé kí ni ERP (Enterprise Resource Planning, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń bójú tó gbogbo iṣẹ́ inú ilé iṣẹ́), àwọn tó ń tà á á bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó lè ṣe sílẹ̀, akáǹtì, ọjà inú sítọ́ọ̀, owó oṣù, títà, ríra, kò tán síbẹ̀. Irú àlàyé yẹn máa ń tojú súni ni, àfi bíi pé sọ́fítíwíà mẹ́wàá ni wọ́n dì pa pọ̀. Ohun tó jẹ́ gan-an ò le tó bẹ́ẹ̀. Database kan ṣoṣo ni, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, gbogbo ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ló ń kọ nǹkan síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ti ń kà á, ohun tí ẹnì kan bá sì ti kọ lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ tún un kọ mọ́. Ara ìyẹn ni gbogbo ìyókù ti jáde.

Ilé iṣẹ́ tí ò ní in, ẹ máa rí i pé ẹni tó ń tajà ní ìwé tiẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ní Excel tiẹ̀, akáǹtì wà nínú sọ́fítíwíà míì, ọ́dà tó wọlé láàárọ̀ ṣì wà lórí WhatsApp ẹnì kan tó ti lọ jẹun. Ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n tà o, ibi mẹ́rin ni wọ́n kọ ọ́ sí, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá wá bára mu, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ló tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ́dà kan ká tẹ̀ lé e. Ká sọ pé ilé iṣẹ́ kan ń kan àga àti tábìlì, oníbàárà kan wá fẹ́ àga 40. Ẹni tó ń tajà á kọ iye tó máa jẹ́ ránṣẹ́ sí i, iye yẹn ò tinú orí ẹ̀ wá, inú ìwé iye owó ọjà tó ti wà nínú sọ́fítíwíà ló ti jáde. Oníbàárà ní òun gbà, bọ́tìnì kan ni wọ́n máa tẹ̀, ó ti di ọ́dà nìyẹn. Owó kankan ò tíì rìn ní àsìkò yìí, akáǹtì ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àmọ́ nǹkan ti yí padà ní sítọ́ọ̀: àga 55 ló wà nílẹ̀, 40 ti ní ẹni tó ni ín, èyí tó ṣeé tà ku 15. Ẹlòmíì tó bá tún fẹ́ tà, 15 ló máa rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga 55 ṣì wà níbẹ̀ tí ojú ń rí wọn ketekete. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín “èyí tó wà nílẹ̀” àti “èyí tó ṣeé tà” yìí, òun nìkan ti tó parí ìjà tó pọ̀.

Ó wá kan kí wọ́n kó o lọ. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ àga méjì ti kán, ni wọ́n bá kó 38. Oní-sítọ́ọ̀ á kọ 38 sínú ìwé ìfiránṣẹ́, sọ́fítíwíà fúnra ẹ̀ á sì fi méjì tó kù sílẹ̀ bíi gbèsè ọjà, kò sẹ́ni tó máa gbàgbé ẹ̀. Ara ìwé ìfiránṣẹ́ yẹn ni ínfọ́ìsì (ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó) ti máa jáde, àga 38 ló sì máa wà lórí ẹ̀, kì í ṣe 40. Tí ọjà bá ti jáde, iye owó ọjà tó wà nílẹ̀ á dínkù nínú akáǹtì, iye tí ọjà tí wọ́n tà ná wọn á lé sí i. Tí ínfọ́ìsì bá ti jáde, gbèsè oníbàárà á ròkè, owó títà náà á ròkè. Tí owó bá wá bọ́ sí báńkì, wọ́n á so ó mọ́ ínfọ́ìsì yẹn, gbèsè parí. Kíkọ owó lápá méjì báyìí ò bá kọ̀ǹpútà dé o, ọdún 1494 ni Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ti tẹ àlàyé ẹ̀ jáde ní Venice. Ohun tí ERP fi kún un ni pé akaǹtáǹtì ò tẹ nǹkan kan nípa àga, oní-sítọ́ọ̀ ló tẹ 38, owó sì tẹ̀ lé e lọ síbi tó yẹ.

Ọ̀nà ríra náà ní tiẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹnì kan kó pákó 100 wá, tó kó 92 wá, tó wá fi ínfọ́ìsì 100 ránṣẹ́, sọ́fítíwíà á fi ìwé mẹ́ta wéra, ọ́dà, ohun tó wọlé, àti owó tí wọ́n ń béèrè, á sì sọ pé ẹ dúró ná. Láìsí ìyẹn, ọ̀pọ̀ á kàn sanwó 100 náà ni.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá gan-an ni ìṣirò ohun èlò. Tábìlì kan ń gba pákó orí kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìṣó 16. Ọ́dà tábìlì 30 wọlé, ìyẹn ẹsẹ̀ 120 àti ìṣó 480, ẹsẹ̀ 50 wà nílẹ̀, a jẹ́ pé 70 ni kí wọ́n rà. Ìṣirò yìí ni wọ́n ń pè ní MRP (Material Requirements Planning), àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é láti àwọn ọdún 1960, Joseph Orlicky wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1990, owó, òṣìṣẹ́ àti títà ti wọ inú ẹ̀, Gartner, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ, ló wá sọ ọ́ ní ERP. SAP, ilé iṣẹ́ ERP tí gbogbo ayé mọ̀, àwọn márùn-ún tó kúrò ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ló dá a sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1972. Nígbà yẹn ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà ńlá tiẹ̀ àti owó rẹpẹtẹ. Íntánẹ́ẹ̀tì ló já a wálẹ̀ fún àwọn kéékèèké: NetSuite bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, èèyàn kàn ń wọlé sí i látorí íntánẹ́ẹ̀tì ni, Odoo jáde ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 2005 (TinyERP lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn), ERPNext wá láti Íńdíà, àwọn méjèèjì yìí sì ní ẹ̀dà tí èèyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ tí mo wí yìí, sọ́fítíwíà nìkan ni o, ẹni tó máa tò ó, tó máa kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé, tó máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, owó ló máa gbà. Ibẹ̀ gan-an lowó sì máa ń bá lọ jù.

Sọ́fítíwíà tún lè sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ra nǹkan. Tí wọ́n bá ń lo nǹkan mẹ́fà lójúmọ́, tí ẹni tó ń kó o wá ń lo ọjọ́ 10 kó tó dé, 60 nìyẹn, wọ́n fi 20 lé e nítorí àìmọ̀, ó di 80. Tó bá ti ku 80, á sọ pé ẹ lọ rà. Ó dáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọjọ́ 18 lọjà ń lò lóòótọ́ ńkọ́, tó sì jẹ́ pé 10 lẹnì kan tẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún mélòó sẹ́yìn? 80 ò ní pé ọjọ́ 14 kó tó tán, iṣẹ́ á dúró, sọ́fítíwíà ò sì ní rí àléébù kankan, torí ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń ṣe.

Bí ERP ṣe máa ń dà rú ní ilé iṣẹ́ kékeré nìyẹn, ìṣòro ẹ̀ kì í sábà wá látinú sọ́fítíwíà. Oníbàárà kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́, gbèsè ẹ̀ wá pín sọ́nà mẹ́ta. Ìṣó, páálí páálí ni wọ́n ń rà á, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń lò ó, tẹ́nikẹ́ni ò bá sọ fún un pé páálí kan jẹ́ 200, ó lè ní kí wọ́n lọ ra páálí 480 (ẹni tó máa kó o sí ló kù). Torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń mú ọjọ́ kan, ka ọjà inú sítọ́ọ̀ pátá lọ́wọ́, kọ gbèsè oníkálukú sílẹ̀ àti ohun tó wà ní báńkì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ò sì gbọdọ̀ bọ́ sí àsìkò tí ọjà ń yá. Hershey, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà, gbé tiwọn wọlé lọ́dún 1999 nígbà tí Halloween, àjọ̀dún tí wọ́n máa ń ra ṣokoléètì rẹpẹtẹ, ti ń bọ̀, nǹkan tí wọ́n ná lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là, ṣokoléètì wà nílẹ̀, ọ́dà wà nílẹ̀, wọn ò rí i kó jáde bó ṣe yẹ. Ilé iṣẹ́ kékeré lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títà, ọjà inú sítọ́ọ̀ àti akáǹtì, kó fi owó oṣù àti ìyókù sílẹ̀ di ìgbà míì.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń bí àwọn òṣìṣẹ́ nínú níbẹ̀rẹ̀: ínfọ́ìsì tó ti wọ akáǹtì ò ṣeé pa rẹ́. Tí àṣìṣe bá wà, ìwé míì ni wọ́n máa kọ tó máa yọ ọ́ kúrò, méjèèjì á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti aago tó ṣe é. Wọ́n á ní ó ń fi nǹkan falẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráhùn, torí níbi tí èèyàn ti lè pa nǹkan rẹ́ bó ṣe wù ú, kò sí akáǹtì níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò ẹ̀ ṣá. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, tí ò ní ọjà nílẹ̀, tó jẹ́ báńkì kan ló ń lò, sọ́fítíwíà akáǹtì lásán ti tó o. Ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ, kó tó sanwó ọdún kan sílẹ̀, kó bi wọ́n pé tóun bá fẹ́ kúrò lọ́la, ṣé òun lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ òun jáde, títí kan àwọn ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn, kí wọ́n sì ṣe é lójú ẹ̀.