Gíábọ́ọ̀sì tó ń payín keke

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ gíà ọlọ́wọ́ tó ti pẹ́ wá bá mi, tó ní "ó ń ké", ohun kan ni mo máa ń bi í: ìgbà wo ló ń ké? Ọ̀pọ̀ ló máa ń sín ariwo náà jẹ fún mi, gàràgàrà, wúùù, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ìgbà tó ń ké ló ń tú àṣírí.

Ẹ dúró sójú kan, ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi gíà sí fíríì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ clutch, pẹ́dà tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára gíà, délẹ̀. Bí ariwo tó ti wà níbẹ̀ bá pa lọ́lọ́, béárìn inú gíábọ́ọ̀sì ni ká fura sí, torí pé ọ̀pá tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì ti sinmi. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an ló bẹ̀rẹ̀, béárìn clutch ni, kì í ṣe gíà rárá.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń wọ gíà kan ṣoṣo ló ń payín, kejì ló sì máa ń jẹ́ jù, synchro rẹ̀ ló ti jẹ. Òrùka idẹ kékeré ni, inú rẹ̀ ní ìlà wínníwínní bíi ti inú nọ́ọ̀tì. Òun ló ń di gíà mú díẹ̀ kí eré rẹ̀ lè bá ti ọ̀pá dọ́gba, kí eyín tó wọ eyín. Tí mo bá tú u, mo máa ń gbé òrùka náà lé gíà rẹ̀ lórí tábìlì. Tuntun máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti eyín gíà. Èyí tó ti jẹ á jókòó pa síbẹ̀, á sì máa yọ̀ bí ọṣẹ.

Gbogbo gíà ńkọ́, tí rìfáàsì tún burú jù? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ o. Rìfáàsì ọkọ̀ àtijọ́ kì í sábà ní synchro, òun ló ń kọ́kọ́ fi hàn pé clutch kò já dáadáa. Ẹ tẹ clutch délẹ̀, ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá, kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Tó bá ṣì ń lọ eyín, ẹ yẹ wáyà clutch wò, tàbí ọ́ìlì rẹ̀, bóyá ó ti lọ sílẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Èmi náà ti sọ gíábọ́ọ̀sì kan kalẹ̀ rí, mo fi odindi ọjọ́ kan wá àìsàn tí kò sí níbẹ̀. Wáyà ló rọ̀.

Ọ́ìlì gíà fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín: tó bá ní GL-4, ẹ má kàn da GL-5 sí i (oríṣi ọ́ìlì gíà ni méjèèjì), torí èròjà inú àwọn GL-5 kan máa ń jẹ idẹ synchro. Ẹ tú ti àtijọ́ sínú abọ́ funfun, kí ẹ ki mágínẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Ègé wínníwínní tó ń dán bíi wúrà tí mágínẹ́ẹ̀tì kò gbé, idẹ ni. Ọkọ̀ yẹn ṣì lè rìn fúngbà díẹ̀. Àmọ́ tí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé ègé irin tí èékánná lè ṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.