Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní fò

Ẹ lè ti rí àwòrán yẹn: ègé dúdú kan tó jọ kànìnkànìn, wọ́n gbé e lé orí òdòdó, òdòdó náà ò sì tẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi béèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló so ó mọ́ òdòdó? Ṣé kò yẹ kó ti gòkè lọ bíi bàlúùnù ni? Àwọn kan gbà pé ó ń fò lóòótọ́, àwọn kan ní irọ́ gbáà ni gbogbo rẹ̀.

Irọ́ kọ́. Gao Chao àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Zhejiang, ní ìlú Hangzhou ní Ṣáínà, ló gbé e jáde ní 2013. Aerogel ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ká ní a rí i tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, gíráàmù 160 péré ni. Afẹ́fẹ́ inú irú àpótí yẹn tó gíráàmù 1,200. Hílíọ́mù tí wọ́n ń fẹ́ sínú bàlúùnù gan-an ò fúyẹ́ jù ú lọ.

Àmọ́ kábọ̀n tí wọ́n fi ṣe é, irú èyí tó wà nínú èédú, nìkan ni wọ́n kà sí 160 yẹn. Ògiri ilé ni wọ́n wọ̀n, wọn ò wọn ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Graphene, ìyẹn kábọ̀n tó fẹ́lẹ́ ju bébà èyíkéyìí lọ, ni ògiri. Nánótúùbù, ọ̀pá kábọ̀n oníhò tí ojú lásán ò lè rí, ló ń gbé ògiri ró. Gbogbo ìyókù jẹ́ àlàfo, afẹ́fẹ́ ló sì kún un. Ẹ ro 160 pọ̀ mọ́ 1,200, ó di 1,360. Afẹ́fẹ́ tí ì bá wà ní àyè rẹ̀ ò ju 1,200 lọ. Ilẹ̀ ló máa já sí.

Ẹ mú rọ́bà tí wọ́n fi ń ta omi, ẹ dé e pa lófìfo, ẹ jù ú sínú garawa omi: ó léfòó. Ẹ ṣí i, ẹ jẹ́ kí omi kún inú rẹ̀: ó rì. Rọ́bà tí a dé ni bàlúùnù, èyí tí a ṣí ni aerogel.

Ẹnìkan á ní, ẹ wé e ní ọ̀rá, kẹ́ ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Èrò yẹn ti pẹ́. Ní 1670, Francesco Lana de Terzi, àlùfáà Kátólíìkì ará Ítálì, ya àwòrán ọkọ̀ tí bọ́ọ̀lù bàbà mẹ́rin, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú wọn tán, máa gbé sókè. Kò fò. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń tẹ ohun gbogbo, bí ìgbà tí a gbé ẹrù kílò kan lé àyè tí kò ju èékánná ọwọ́ lọ. Bàbà tó bá fẹ́lẹ́ débi tó lè fò á fún pọ̀. Mélòó-mélòó wá ni aerogel tí ìka lásán ń tẹ̀ wọlé?

Bí wọ́n ṣe ṣe é ló wù mí jù. Ẹni tó bá ti gbàgbé ẹ̀kọ sínú oòrùn mọ̀ pé bí omi ṣe ń gbẹ lára rẹ̀ ló ń sún kì, tó ń sán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun rírọ̀ olómi tí wọ́n fi ń ṣe aerogel ṣe máa ń sún kì tó bá gbẹ lásán. Samuel Kistler, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ wá ọgbọ́n sí irú ìṣòro yìí, ní 1931, tó fi rí aerogel àkọ́kọ́. Ọgbọ́n àwọn ará Hangzhou yàtọ̀: wọ́n po kábọ̀n mọ́ omi, wọ́n mú kó di yìnyín, wọ́n sì sọ yìnyín náà di oru láìjẹ́ kó yọ́. Omi lọ, ilé ò wó.

Ihò tó ṣí sílẹ̀ wọ̀nyẹn náà ni iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é gbára lé. Tí epo bá dà sójú omi, aerogel yìí á fa epo, á fi omi sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é sọ pé ó lè fa epo tó wúwo tó ìlọ́po 900 ara rẹ̀. Tá a bá wá dí ihò yẹn pa torí ká lè rí i kó fò, ibo ni epo fẹ́ gbà wọlé?