DSLR tòkunbọ̀ tàbí kámẹ́rà àpò: ìbéèrè àwọn ará Abuja àti ìdáhùn wọn

Ìròyìn méjì tó tako ara wọn ló ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Èkíní ní DSLR, kámẹ́rà ńlá tí àwọn fọtógíráfà ń gbé kọ́rùn, ti di ohun àtijọ́, torí pé láti 2020 ni Canon àti Nikon kò ti gbé tuntun jáde mọ́. Èkejì ní kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò, tí gbogbo wa gbà pé fóònù ti pa tán, ti di ọ̀wọ́n gógó, débi pé nígbà tí Fujifilm kéde X100VI ní oṣù Kejì 2024, ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn tó ti sanwó fi dúró kó tó kàn wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà ní Abuja lónìí kò wá mọ èyí tó máa dì mú. Àwọn ìbéèrè tó ń wá lemọ́lemọ́ nìyí.

Ṣé DSLR ti kú ni?

Kò kú. Àwọn iléeṣẹ́ ló kó okun wọn lọ sídìí kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, tí wọ́n ń pè ní mirrorless. Pentax ṣì ń ta DSLR tuntun, àwọn ti tẹ́lẹ̀ sì ń ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń yà á lọ́jọ́ tí wọ́n jáde. Ohun tó yí padà ni iye owó tí wọ́n ń tà wọ́n: ó ti wálẹ̀, ìyẹn sì ṣe wá láǹfààní.

Kí ló wá gbówó lé kámẹ́rà kékeré?

Ní 2010, kámẹ́rà kékeré tí àwọn iléeṣẹ́ kó jáde fún gbogbo ayé lé ní mílíọ̀nù 100. Ní 2023, kò tó mílíọ̀nù 2. Bí fóònù ṣe ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń ti ẹ̀ka tó ń ṣe é pa. Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, kò sí púpọ̀ nílẹ̀ mọ́. Ẹ wá fi bí náírà ṣe já wálẹ̀ kún un, látìgbà tí báńkì àpapọ̀ ti tú u sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà 2023.

Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì gan-an?

Nínú DSLR, ìmọ́lẹ̀ á gba inú lẹ́ǹsì wọlé, á bá dígí kékeré kan tí wọ́n gbé dagun, dígí náà á sì gbé e lọ sókè sí ihò tí a ń fojú wò. Tí a bá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń dún “ká!” nìyẹn. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé yọ, ó sì ṣeé pààrọ̀. Kámẹ́rà àpò kò ní dígí, lẹ́ǹsì rẹ̀ kò sì ṣeé yọ. DSLR Canon 600D ti 2011 wúwo tó gíráàmù 570 kí ẹ tó fi lẹ́ǹsì sí i, nígbà tí kámẹ́rà àpò Canon G7 X Mark III jẹ́ gíráàmù 304 pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn olùtajà kì í sọ: lójú oòrùn ọ̀sán Abuja, ohun tó wà lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà àpò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé rí mọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ihò tí a ń fojú wò. Nínú ihò DSLR, ohun tí ẹ fẹ́ yà hàn kedere bí oòrùn ti wù kó mú tó.

Mẹ́gápíksẹ́lì mélòó ló tó?

12 tó láti tẹ fọ́tò tó mọ́ sórí ìwé A3, torí náà ẹ má fi ìyẹn yan kámẹ́rà.

Wọ́n ní kámẹ́rà ńlá ló máa ń ríran nínú òkùnkùn. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, àmọ́ lẹ́ǹsì tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló máa sọ. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí.

Sẹ́ńsọ̀ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé. Ti Canon 600D jẹ́ mílímítà 22.3 ní gígùn àti 14.9 ní ìbú. Ti ojúlówó kámẹ́rà àpò, bíi Sony RX100 tàbí Canon G7 X, jẹ́ 13.2 àti 8.8. Ti àwọn kámẹ́rà àpò pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú jẹ́ nǹkan bíi 6.2 àti 4.6. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ojú sẹ́ńsọ̀ 600D fẹ̀ tó ti G7 X lọ́nà mẹ́ta ó dín díẹ̀, ó sì fẹ̀ tó ti pẹlẹbẹ náà lọ́nà méjìlá.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣírò dé, wọ́n á ní DSLR ti borí. Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì 18-55 tó máa ń bá DSLR tòkunbọ̀ wá kì í ṣí ju f/3.5 lọ, tí ẹ bá sì fà á súnmọ́, ó di f/5.6. Ti G7 X Mark II ń ṣí dé f/1.8, kò sì kọjá f/2.8 bí ẹ bá fà á dé òpin. Bí nọ́ńbà tó tẹ̀lé f yẹn bá ṣe kéré tó ni ihò ẹnu lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó. Láti f/3.5 sí f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Gbogbo àǹfààní tí sẹ́ńsọ̀ ńlá ní ni ẹnu lẹ́ǹsì kékeré yẹn gbà padà, ó tún lé díẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo họ́ọ̀lù kan ní Kubwa, aago mẹ́jọ alẹ́, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé gílóòbù mélòó kan. Ẹni tó gbé 600D pẹ̀lú 18-55 láìní fíláàṣì kò sàn ju ẹni tó di G7 X mú lọ. Ẹ wá yọ 18-55 yẹn, kí ẹ fi lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 sí i, ọ̀kan lára èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú lẹ́ǹsì Canon. Kò wúwo ju gíráàmù 160 lọ. Níbẹ̀ ni kámẹ́rà ńlá ti fi àpò sílẹ̀ pátápátá. Tí ẹ bá tún fi fíláàṣì sí i lórí, tí ẹ kọjú rẹ̀ sí sílíìnì funfun dípò ojú èèyàn, gbogbo iyàrá á mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́. G7 X kò ní ibi tí a ń fi fíláàṣì ńlá sí.

Ti ìgbòkègbodò náà ṣe pàtàkì. Tí ìyá ìyàwó bá ń jó bọ̀, tí wọ́n ń náwó fún un, DSLR máa ń tètè dì í mú. Àwọn kámẹ́rà àpò bíi G7 X máa ń kọ́kọ́ wá a kiri, ìgbà tí wọ́n bá fi rí i, ó ti yíjú.

Kí ló dé tí ojú wa fi ń dúdú jù nínú fọ́tò tí a bá wọ léèsì funfun?

Kámẹ́rà yòówù, ńlá tàbí kékeré, gbà pé ohun gbogbo tó wà níwájú òun kò dúdú, kò sì funfun, pé àárín méjèèjì ló wà. Tí léèsì funfun bá kún ojú rẹ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì ṣókùnkùn. Tó bá jẹ́ agbádá aró tó dúdú ló kún ojú rẹ̀, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú á sì funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ +/− sí lára ni oògùn rẹ̀: fún aṣọ funfun, ẹ gbé e lọ sí +0.7 tàbí +1, kí ẹ wo ojú èèyàn, ẹ má wo aṣọ. Ó dùn mí bí mo ṣe ń rí fọ́tò àwọn ìyá wa tí ojú wọn kò hàn, nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnì kan ló ṣẹ́ kù.

Ọyẹ́ ńkọ́? Èwo ni eruku máa ń pa?

Eruku ń bá àwọn méjèèjì jà, ọ̀nà rẹ̀ ló yàtọ̀.

Tí ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì DSLR níta, eruku á wọlé, á jókòó sórí sẹ́ńsọ̀, ẹ ó sì máa rí ẹ̀kán dúdú kéékèèké lójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò. Ó ń bí èèyàn nínú, àmọ́ ó ṣeé nù. Ti kámẹ́rà àpò burú jù bẹ́ẹ̀: lẹ́ǹsì rẹ̀ ń jáde, ó ń wọlé, ó sì ń fa eruku mọ́ra nígbàkígbà tó bá wọlé. Ọjọ́ tí iyanrìn kan bá há sáàárín eyín rẹ̀, á dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, á dúró lágbede méjì, á sì kọ “Lens error” sójú. Títún un ṣe máa ń sún mọ́ iye tí wọ́n fi rà á.

Láti oṣù Kọkànlá sí Kejì, ẹ fi kámẹ́rà àpò sínú ọ̀rá tó ṣeé dì lẹ́nu kó tó wọ àpò ṣòkòtò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní DSLR, ẹ mú lẹ́ǹsì kan ṣoṣo jáde. Tó bá di dandan kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wọnú ọkọ̀, ẹ gbé wíńdò sókè, ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ inú rẹ̀ láé, itọ́ ló máa bá a lọ. Ẹ lo rọ́bà tí wọ́n ń fi fẹ́ afẹ́fẹ́. Tí ọyẹ́ bá sì ti bo Àpáta Zuma, ẹ dúró de ọjọ́ mìíràn, kò sí kámẹ́rà tó lè ká a kúrò.

Èwo wá ni kí èmi rà?

Ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun, tó fẹ́ máa ya ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ní Nyanya, Lugbe tàbí Mararaba: DSLR tòkunbọ̀, lẹ́ǹsì 50mm, fíláàṣì kan. Kí ẹ sanwó lẹ́ǹsì kí ẹ tó ronú àtijẹ gbèsè nítorí ara kámẹ́rà tó jojú.

Ẹni tó fẹ́ máa ya ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, tàbí ìrìn àjò sí Jos àti Kano, tàbí àwọn òbí tó wá kí i láti Ìbàdàn: kámẹ́rà àpò, àmọ́ kó jẹ́ irú RX100 tàbí G7 X. Mo mọ̀ pé ó wọ́n. Bí owó rẹ̀ kò bá ká a, ẹ ra DSLR, ẹ má fi owó ńlá ra pẹlẹbẹ torí pé àwọn ọmọ ń pariwo àwọ̀ rẹ̀. Fíláàṣì tó ń bú gbàmù sójú èèyàn ló ń fún fọ́tò ní ọ̀pọ̀ nínú àwọ̀ yẹn.

Fóònù mi kò tó?

Ní ọ̀sán gangan, fún WhatsApp, ó tó.

Tí mo bá dé ilé ìtajà Banex ní Wuse 2, kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ lọ lọ́sàn-án, kí ẹ sì mú mẹ́mọ́rì káàdì tiyín dání. Fún DSLR, ẹ sún nọ́ńbà ihò lẹ́ǹsì dé f/22, kí ẹ ya ògiri funfun, kí ẹ wá fà á tóbi lójú gíláàsì. Ẹ̀kán dúdú díẹ̀ kò burú, eruku ni. Ìlà tó rí bí ojú ibi tí nǹkan ti ha á ni kí ẹ sá fún. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo inú. Tí ẹ bá rí ohun tó rí bí òwú aláǹtakùn, èbu ni. Ó ti bù ú látinú, owó rẹ̀ ti run. Èyí wọ́pọ̀ lára ẹrù tó pẹ́ ní Èkó àti etí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti òkè ọya kì í tètè jẹ́ kí èbu hù.

Ẹ béèrè iye fọ́tò tó ti yà. Nikon máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì fọ́tò, ẹ lè wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Canon 5D Mark II, fún àpẹẹrẹ, ni wọ́n ṣe fún nǹkan bí 150,000. Ẹ tún wo ilé bátìrì bóyá ó dípẹtà.

Tó bá jẹ́ Nikon D3100 tàbí D5300 lẹ fẹ́, ẹ rí i dájú pé lẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ AF-S, tó ní mọ́tò tirẹ̀ nínú (AF-P kò bá D3100 ṣiṣẹ́). Àwọn kámẹ́rà yìí kò ní mọ́tò nínú, lẹ́ǹsì AF-D àtijọ́ kò ní lè fojú sun nǹkan fúnra rẹ̀ lórí wọn, ìgbà tí ẹ bá délé lẹ máa tó mọ̀.

Fún kámẹ́rà àpò, ẹ tàn án, ẹ pa á, ẹ tún tàn án. Ẹ fa lẹ́ǹsì jáde dé òpin, ẹ dá a padà, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Ó gbọ́dọ̀ rọra lọ. Tó bá ń kùn tàbí tó ń ta kúṣẹ́kúṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kámẹ́rà náà, kí ọ̀ràn ẹrù olè má bàa kàn yín.

Ṣé bátìrì àti káàdì rẹ̀ ṣì wà?

Fún Canon àti Nikon, wọ́n wà. Bátìrì LP-E8 kan náà ni 550D, 600D, 650D àti 700D ń lò. Àwọn kékeré tó ti pẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún: Olympus àti Fujifilm kan ń lo xD, Sony àtijọ́ ń lo Memory Stick, èyí tó sì jáde ṣáájú 2006 lè má gba káàdì SD tó ju gígábáìtì 2 lọ.

Ṣé wọn ò ní mú mi tí mo bá gbé e jáde?

Òfin Official Secrets Act ti 1962 kò jẹ́ ká ya àwọn ibi tí ìjọba dáàbò bò: bárékè, ibùdó ológun àti irú wọn. Òfin náà kò yọ kámẹ́rà kékeré sílẹ̀, kò yọ fóònù náà sílẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kámẹ́rà ńlá ni sọ́jà máa kọ́kọ́ rí. Tí ẹ bá ń kọjá Three Arms Zone tàbí ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró, ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì. Tí ẹ bá lọ wo Dábà (Durbar), ayẹyẹ ìgẹṣin, ní Kano, ẹ bi èèyàn kí ẹ tó ya ojú rẹ̀, pàápàá àwọn obìnrin. “Don Allah” (ẹ jọ̀ọ́, ní èdè Hausa) àti ẹ̀rín á ṣí ọ̀nà púpọ̀.

Tí DSLR mi bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ṣé lẹ́ǹsì mi ti ṣòfò nìyẹn?

Rárá. Láti 2018 ni Canon ti ń ta ohun tí a fi ń so lẹ́ǹsì EF, ìyẹn lẹ́ǹsì DSLR rẹ̀, mọ́ kámẹ́rà EOS R tí kò ní dígí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa. Nikon náà ní tirẹ̀.

Ṣé kí n dúró kí owó kámẹ́rà àpò wálẹ̀ díẹ̀?

Tó bá jẹ́ pé ayẹyẹ ti súnmọ́, ẹ má dúró. Ẹ yá DSLR lọ́wọ́ fọtógíráfà tó wà ládùúgbò yín fún ọjọ́ kan, ẹ lò ó nílé yín lálẹ́, lábẹ́ gílóòbù tiyín. Tí ẹ bá rí i pé wíwúwo rẹ̀ ti sú yín kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má ra DSLR, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.