Lẹ́tà wẹ́wẹ́ lára danfo kékeré: kí ló ń dí ihò inú òdo?

Àbúrò kan ní Ṣómólú ń fi ẹ̀rọ résìn (ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tó ń fi iná UV láti inú síkíríìnì sọ résìn, ike olómi, di líle ní ìpele-ìpele) ṣe danfo oníwọ̀n 1/43, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́tà ló ń dà á láàmú. Ohun tó bi mí àti èsì mi nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà KJA tí mo yà sí ẹ̀yìn danfo mọ́ kedere lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó jáde, A ti di òkìtì, ihò inú òdo sì ti dí. Ṣé ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní lẹ́tà ara pílétì nọ́ńbà ọkọ̀ gidi ga ní mìlímítà 65, tí ìlà rẹ̀ fẹ̀ ní 9. Pín in sọ́nà 43: gíga di 1.5, ìlà di 0.2. Bí píksẹ́lì (ẹyọ àmì tó kéré jù) síkíríìnì rẹ bá fẹ̀ ní 0.05, mẹ́rin péré ló kan ìlà kan, ihò inú òdo náà sì kéré. Iná UV kì í dúró síbi ààlà tí a pa fún un. Ó ń yọ́ wọ inú résìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jẹ díẹ̀ lápá ọ̀tún, ó jẹ díẹ̀ lápá òsì, ihò bá dí. Résìn tó mọ́ gaara ló burú jù, eléérú sàn.

Tẹ pílétì náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí o máa dín àkókò iná ìpele kọ̀ọ̀kan kù: ìṣẹ́jú-àáyá 2.5, 2.3, 2.1, 1.9. Bí o bá dín in jù, lẹ́tà á rọ̀, isopropyl (ọtí tí a fi ń fọ résìn) á sì fọ̀ ọ́ lọ. Nínú àwòrán pẹ̀lú, fẹ ihò yẹn díẹ̀ sí i.

Má sì jẹ́ kí ìwọ̀n gidi tàn ọ́ jẹ. Bí lẹ́tà gidi bá yọ síta ní mìlímítà kan, ìdá kan nínú 43 rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 0.02 lọ, ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á bò ó. Èmi máa ń gbé e sí 0.12. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú gbà á.

Ìbéèrè: Ibo ni kí lẹ́tà kọjú sí?

Ìdáhùn: Tẹ pílétì lọ́tọ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin tí ẹ̀rọ ń tẹ nǹkan mọ́, kí lẹ́tà kọjú sí síkíríìnì. Lẹ́yìn náà, fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ danfo.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kọ "Èkó ò ní bàjẹ́" síwájú, kó yọ síta. Àmì abẹ́ ẹ kì í dúró.

Ìdáhùn: Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan fún kọ̀ǹpútà. Ó ń to àmì ohùn lé e lórí ni, ọ̀pọ̀ ètò ìyàwòrán sì máa ń tò ó sódì. Fi ọwọ́ yà á. Èkejì, àmì tó dá dúró lábẹ́ lẹ́tà ò ju píksẹ́lì méjì lọ, kò ní ohun tó dì mú, omi ìfọ̀ ló ń gbé e lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́, ìlà kúkúrú ló wà lábẹ́ ẹ àti ọ. Lo ìyẹn, kí o sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà. Àmì ohùn ńkọ́? Yọ ọ́. Àwọn tó ń kun danfo gan-an kì í sábà fi í sí i. (Ọ̀pọ̀ wọn kì í fi ti abẹ́ náà sí i, ṣùgbọ́n èmi ò lè fojú rí ìyẹn kí n dákẹ́.)

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa kùn ún?

Ìdáhùn: Wọ ìbọ̀wọ́, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá sá a sí oòrùn ọ̀sán fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó lè le dáadáa. Oòrùn Èkó tó bẹ́ẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, á máa gbó, á sì máa ṣẹ́. Má da résìn tàbí ọtí ìfọ̀ tó ṣẹ́kù sí gọ́tà.

Kun gbogbo pílétì ní funfun. Danfo ni, ọkọ̀ èrò, nítorí náà pupa ni lẹ́tà rẹ̀, kì í ṣe búlúù. Fi ọ̀dà pupa tínrín pa fóòmù pẹlẹbẹ, nù ú títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí o wá fi kàn án fẹ́rẹ́. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà atẹ̀wé tó wà ládùúgbò rẹ níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fi yíǹkì pa lẹ́tà òjé nìyẹn, ohun tó yọ síta nìkan ló ń mu ún.