Ìsọdọ̀sìn ìwúkàrà, kì í ṣe "títù lójú"

Ohun tó ń sọ ẹmu di ọtí, tó sì ń mú ìyẹ̀fun wú, àwọn kan ń kọ ọ́ ní "kòkòrò ẹmu", àwọn mìíràn ń kọ "yíìsì" bí ẹni pé Yorùbá kò ní orúkọ fún un. Ìwúkàrà ni. Kì í ṣe kòkòrò rárá: mọ̀lẹ́bí olú ni, ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Ẹni tó bá sì ní orúkọ náà kò bá a mu, pé ẹmu ò kan àkàrà, kó fi ẹmu òwúrọ̀ po ìyẹ̀fun dípò omi, kó bò ó. Yóò pẹ́ ju ti ìwúkàrà inú sáṣẹ́ẹ̀tì lọ, torí ìwúkàrà tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò sì kan díẹ̀ nítorí bakitéríà inú ẹmu. Ṣùgbọ́n yóò wú.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń pe iṣẹ́ tí ènìyàn fi ìwúkàrà ṣe ní "títù lójú". Ohun tí a bá tù lójú, òun nìkan la tù. Ọmọ rẹ̀ yóò tún máa sá fún wa, àfi ká tún un tù. Ọ̀sìn yàtọ̀: àwa là ń yan èyí tí yóò bímọ, ohun tí a yàn sì wọ inú ìran rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí ìsọdọ̀sìn. Wọ́n ní ẹran nìkan là ń sìn. Ṣebí à ń sin ẹja, à ń sin oyin?

Ẹ wo adìẹ àgíríìkì. Ó ń yé ṣáá, ṣùgbọ́n kì í sàba. Adìẹ tó bá ń sàba kì í yé, nítorí náà àwọn tó ń sin ín kò jẹ́ kí irú rẹ̀ pọ̀, títí sísàba fi kúrò nínú ìran náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìwúkàrà bíà. Tí oúnjẹ bá tán nínú igbó, Saccharomyces cerevisiae, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ìwúkàrà yìí, á pín ara rẹ̀ sí hóró mẹ́rin tó le, tó lè fara da ọ̀dá, àwọn hóró náà á sì tún hù tí ìrọ̀rùn bá dé. Àwọn tó ń pọn bíà ní Yúróòpù ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò àná sínú ti òní, ọ̀dá kò dé mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbàgbé bí a ṣe ń ṣe hóró. Ìwádìí tó jáde ní 2016 yẹ ẹ̀yà ìwúkàrà iléeṣẹ́ 157 wò, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ ti bíà ti pàdánù iṣẹ́ àbùdá méjì (àbùdá ni ìlànà inú ara tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́), PAD1 àti FDC1, tó ń fún ọtí ní òórùn kànáfùrù. Àwọn ará Jámánì tó ń pọn bíà wíìtì fẹ́ òórùn yẹn, wọn ò sì jẹ́ kí tiwọn sọ ọ́ nù. Ìwúkàrà bíà tún kọ́ bí a ṣe ń jẹ maltotriose, ṣúgà kan nínú omi ọkà báálì tí ti igbó kì í rí jẹ dáadáa. Ti wáìnì ní tirẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń fara da oògùn sọ́fúrù tí wọ́n ń fi sínú àgbá.

Àwọn tó ń ka àbùdá ti ka ẹ̀yà 1,011 tán ní 2018. Ìwúkàrà igbó láti Ṣáínà àti Taiwan ló jìnnà sí ara wọn jù, ibẹ̀ ni wọ́n sì rò pé ìdílé náà ti ṣẹ̀. Nínú ti igbó, lẹ́tà àbùdá kọ̀ọ̀kan ló ń yí padà. Nínú ti ọ̀sìn, odindi àbùdá ló ń wọlé tàbí tó ń jáde, ẹ̀dà wọn sì lè di mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà tí ti igbó sábà máa ń jẹ́ méjì. Ìwúkàrà ẹmu wa dá ìran tirẹ̀ ní, ti bíà ilẹ̀ Áfíríkà dá tirẹ̀ ní.

Ìwúkàrà ẹmu kò tíì di ọ̀sìn tó ti bíà. Omi ọ̀pẹ tó ń kán sínú agbè ní Ìkéré tàbí Ọ̀tùn ní bíi gíráàmù 100 ṣúgà nínú lítà kan, kòkòrò àti afẹ́fẹ́ sì ń gbé ìwúkàrà tuntun wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ agbè nìkan ló dà bí ọ̀sìn. Adẹ́mu tí kò bá fọ agbè rẹ̀, ẹmu rẹ̀ á ti máa hó kó tó kúrò lórí ọ̀pẹ, á le kí ọ̀sán tó pọ́n, á sì kan gógó lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá fi omi gbígbóná ṣan án, ẹmu rẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ nínú adùn.