Ẹ Fi Ètè Afọnfèrè Ṣètò Ọjọ́ Sítúdíò

Lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1963, Lee Morgan, afọn-trumpet jazz ará Amẹ́ríkà, kó akẹgbẹ́ mẹ́rin wọ sítúdíò Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, ìpínlẹ̀ New Jersey. Orin márùn-ún tó fúnra rẹ̀ kọ ni wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì di àwo *The Sidewinder* tó jáde lọ́dún 1964. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú àwo jazz bẹ́ẹ̀ lónìí, kì í ṣe owó sítúdíò ni kó kọ́kọ́ ṣírò bí kò ṣe agbára ètè.

Ètè ló ń gbọ̀n tí trumpet, ìyẹn fèrè onírin tí à ń sọ níbí, fi ń dún. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ohùn òkè ló ń kọ́kọ́ sá lọ. Afọnfèrè á wá máa ti irin mọ́ ẹnu kó lè rí i mú, ètè á wú, ohùn á tín-ín-rín. Tó bá ti dé ibẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti parí, ẹ má tan ara yín. Orin tó rọrùn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí èyí tó le jù tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi orin jẹ́jẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀; kò dáa, torí ètè tó ti rẹ̀ kì í lè gbé ohùn kékeré dúró. Èyí tí saxophone ti ń ṣiṣẹ́ jù ni kó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn gbígbà méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn tí ẹ bá ti gba orin kan sílẹ̀ látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kí afọnfèrè sinmi.

Torí pé orin tuntun ni, ìwé orin gbọ́dọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Trumpet B♭ ló wọ́pọ̀: ohùn tí wọ́n kọ ní C lórí ìwé rẹ̀, ohùn B♭ ló máa dún létí. Bí ẹ bá fún afọnfèrè ní ìwé onípíánò, odindi ohùn kan ló máa fi rẹlẹ̀ ju píánò lọ, àfi kẹ́ ẹ gbé tirẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀. Orin tó fún àwo Morgan lórúkọ, blues ni, àmọ́ báà (ìyẹn ìpín kéékèèké tí wọ́n ń ka orin sí) 24 ló ní dípò 12 táwọn eléré mọ̀. Tí irú ìyẹn kò bá hàn lórí ìwé, onígìtá béèsì á ti padà síbẹ̀rẹ̀ nígbà tí fèrè ṣì wà láàárín.

Fèrè tútù máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe ń gbóná ló ń gòkè. Ẹ jẹ́ kí afọnfèrè fọn ún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kó tó mú ohùn rẹ̀ bá ti píánò mu.

Ẹ má gbé máìkì kọjú sí ẹnu fèrè gan-an, ibẹ̀ ni ohùn ti ń gún etí jù. Ẹ gbé e jìnnà tó 50 sẹ̀ǹtímítà sí mítà kan, kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Tó bá jẹ́ máìkì ribbon, ìyẹn èyí tó ń fi ọ̀já irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbọ́ ohùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sí dùrọ́ọ̀mù, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tó máa fọn kíkan jù nínú orin ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n bí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ṣe máa gba ohùn tó.

Bí gbogbo wọn bá wà ní yàrá kan, ohùn fèrè á wọ máìkì dùrọ́ọ̀mù. Èmi fara mọ́ ọn, torí eléré jazz gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ara wọn. Àmọ́ bí afọnfèrè bá ṣi ohùn, ẹ ò lè pa á rẹ́ kó tún un fọn lọ́jọ́ kejì: ti àná á ṣì máa dún lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀yà kan láti inú gbígbà mìíràn nìkan lẹ lè gé lẹ̀ mọ́ ọn, bí ìyára méjèèjì bá bára mu, nítorí náà ẹ má pa gbígbà kankan rẹ́ kí àwo tó parí.