Àjọ Dára, Ṣùgbọ́n Kì í Ṣe Owó Ọjọ́ Ogbó

Ọ̀pọ̀ obìnrin ọlọ́jà ló gbà pé ẹni tó bá ti ń dá àjọ déédéé ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ ọjọ́ ogbó, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló ni owó ìfẹ̀yìntì. Àṣìṣe wà nínú èrò méjèèjì.

Ẹ wo káàdì alájọ fínnífínní. Ojú 31 ló wà lórí rẹ̀, ojú kan fún ọjọ́ kan, tí alájọ ń fi báírò sàmì sí bí a ti ń san án. Ìyá aláta tó ń dá 1,000 náírà lójúmọ́ yóò ti dá 31,000 nígbà tí káàdì bá kún, ṣùgbọ́n 30,000 ni yóò gbà, nítorí owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. N kò sọ pé alájọ ń rẹ́ni jẹ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń gba owó wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnákúnàá. Àmọ́ owó tí kò lérè, tí a tún ń yọ nínú rẹ̀, kò lè bá ọ̀wọ́ngógó sáré. Ìṣirò ìjọba fún oṣù Kejìlá ọdún 2024 fi hàn pé ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ: ohun tí 100,000 ń rà tẹ́lẹ̀ di nǹkan bí 134,800.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, láti oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ètò kan ti wà lábẹ́ PenCom, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, fún aránṣọ, onídìrí, aláta àti ẹnikẹ́ni tí kì í gba owó oṣù. Nínú ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ènìyàn bá san 10,000, 4,000 wà fún bùkátà, tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. 6,000 yòókù di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. 6,000 tí a tì pa yìí ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú, wọn a ní, "Owó mi, kí ló dé tí n kò ní lè fọwọ́ kàn án?" Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní rẹ̀ wà, torí kí owó àjọ tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, aṣọ ẹbí ti ń dúró dè é. Owó ìfẹ̀yìntì kì í sì í jókòó lásán: àwọn tó ń bójú tó o ń fi í ṣòwò, pàápàá nípa yíyá ìjọba lówó, èrè rẹ̀ sì ń wọ àkáǹtì olówó. Èrè náà lè má tó ọ̀wọ́ngógó lọ́dún tí nǹkan bá le, ṣùgbọ́n àjọ kò ní tirẹ̀ rárá.

Kí ìyá aláta wa má fi àjọ rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba 30,000 rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ san 5,000 sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, kí ó tó yà sọ́dọ̀ aláṣọ.